Orí Kẹfà: Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ Orí Àpáta

Bí ẹ bá gba ọ̀nà Kaduna jáde ní Abuja, àpáta Zuma yóò yọ sí yín lókèèrè kí ẹ tó sún mọ́ ọn rárá. Òun ni àpáta tó wà lẹ́yìn owó ọgọ́rùn-ún náírà tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1999, èyí tí àwòrán Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà níwájú rẹ̀. Àwọn arìnrìnàjò sábà máa ń wo ara àpáta náà, wọ́n á máa wá ojú àti ẹnu tí wọ́n ní ó jọ ti ènìyàn. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín nínú orí yìí ni pé kí ẹ gbé ojú kọjá ara àpáta, sí afẹ́fẹ́ tó yí i ká. Irú ibẹ̀ ni àwọn ẹyẹ kan fẹ́ràn, àwọn ẹyẹ tí apá wọn tẹ̀ bí dòjé, tí wọ́n ń fò bí ẹni pé ẹnìkan ń lé wọn.

Nínú ẹbí àwọn ẹyẹ wọ̀nyí ni èyí tí ẹ̀kọ́ wa dá lé lórí ti wá. Inú pàlàpálá àpáta lórí àwọn òkè ńlá Yúróòpù ló ti ń yé, tó ti ń pamọ. Nígbà tí òtútù bá dé síbẹ̀, ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ló ń sá wá. Láti ìgbà tó bá ti fi ìtẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ títí di ìgbà tó bá padà síbẹ̀, kò ní fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, kò ní bà lórí igi, kò ní bà lórí òrùlé. Oṣù mẹ́fà gbáko, ojú ọ̀run ni ilé rẹ̀.

Orúkọ kan, ẹbí méjì

A ní láti kọ́kọ́ tú orúkọ kan palẹ̀. Bí a bá ní alápàáǹdẹ̀dẹ̀, ohun tó ń sọ sí ọ̀pọ̀ Yorùbá lọ́kàn ni ẹyẹ kékeré kan tó yára, tó ń fò yí ilé ká ní ìrọ̀lẹ́, tó sì ń kọ́lé sábẹ́ òrùlé. Àwọn àgbà máa ń sọ nípa rẹ̀ pé ilé tó kọ́ kò kan ilẹ̀, kò sì kan omi. Ṣùgbọ́n ẹbí ẹyẹ méjì ló ń jẹ́ orúkọ yìí pọ̀, wọn kì í sì í ṣe ọmọ ìyá rárá.

Ẹbí kìíní ni àwọn tó ń fi ẹnu kó ẹrẹ̀, tí wọ́n ń fi í mọ ìtẹ́ bí ìgbà tí amọ̀kòkò ń mọ ìkòkò. Àwọn ni ẹ máa ń rí tí wọ́n tò lórí wáyà iná láàárọ̀. Nínú ìwé yìí, alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ ni a ó máa pè wọ́n. Ẹbí kejì kì í fi ọwọ́ kan ẹrẹ̀. Itọ́ ẹnu wọn ni wọ́n fi ń lẹ ìtẹ́ wọn pọ̀, ó sì máa ń gan bí àtè. Apá wọn gùn, ó tínrín, ó tẹ̀. Nítorí náà, alápá-dòjé ni a ó máa pe àwọn yẹn. Àwọn onímọ̀ ti rí i pé lára àwọn tó sún mọ́ alápá-dòjé jù lọ nínú ẹ̀jẹ̀ ni àwọn ẹyẹ bíńtín ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń dúró sójú kan nínú afẹ́fẹ́ láti fa oje òdòdó. Bí òun àti ẹlẹ́rẹ̀ ṣe jọra, iṣẹ́ kan náà tí wọ́n jọ ń ṣe ló fà á, ìyẹn kí a máa lé kòkòrò lójú afẹ́fẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí èyí ní èdè wa kò mọ ẹyẹ yà sọ́tọ̀. Carl Linnaeus, ọmọ ilẹ̀ Sweden tó fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹranko ní orúkọ tí gbogbo ayé ń lò, ṣe ohun kan náà. Nígbà tó ń sọ alápá-dòjé orí àpáta, ẹyẹ tí ẹ̀kọ́ wa dá lé lórí, lórúkọ ní 1758, Hirundo melba ló pè é, bẹ́ẹ̀ sì ni Hirundo, ti àwọn ẹlẹ́rẹ̀ ni. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Lónìí, Tachymarptis melba ni ẹyẹ náà ń jẹ́.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti dá ẹbí méjèèjì mọ̀ nìyí: ẹ wo wáyà iná. Èyí tí ẹ bá rí tó bà lé e, ẹlẹ́rẹ̀ ni. Alápá-dòjé kò lè bà lórí wáyà láéláé, nítorí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kọjú síwájú. Kò sí èyí tó wà lẹ́yìn tí yóò fi di nǹkan mú bí adìẹ ṣe ń di ọ̀pá mú. Ó lè fi èékánná kọ́ ara ògiri, ó lè rọ̀ mọ́ ara àpáta. Ó tán.

Ara tí a dá fún afẹ́fẹ́

Mo ti gbé ọ̀kan lọ́wọ́ rí. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni, ìjì jà lọ́sàn-án, nígbà tó rọlẹ̀, àwọn ọmọ kíláàsì mi sáré wá pè mí pé ẹyẹ kan kú sí fàráńdà. Kò kú. Alápá-dòjé kékeré ni, irú èyí tí ẹ̀yìn ìdí rẹ̀ funfun báláú. Ó fi àyà lé sìmẹ́ńtì, apá rẹ̀ méjèèjì nà sẹ́yìn kọjá ìrù. Mo gbé e, ó fúyẹ́ bí òwú. Ojú rẹ̀ tóbi, ó dúdú, ó sì jìn sínú, ìyẹ́ kéékèèké ṣíji bò ó lókè. Ẹnu rẹ̀ kò ju hóró ìrẹsì lọ nígbà tó pa á dé, ṣùgbọ́n nígbà tó là á, ó là á dé abẹ́ ojú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú débi pé mo kọ́kọ́ rò pé ó ti ṣẹ́. Bó ṣe fi kọ́ ẹ̀wù mi báyìí, ńṣe ni mo ń tú èékánná rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

A gbé e lọ sí pápá. Mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi, mo sì gbé e sókè ju orí mi lọ. Ó dúró, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n wìrìwìrì, ó sì já. Ó rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ tí àwọn ọmọ fi pariwo, lẹ́yìn náà ó fẹ́ apá, ó gbéra, ó kọjá òrùlé, a kò sì dá a mọ̀ mọ́ láàárín àwọn yòókù. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má ṣe jù ú sókè o. Bó bá fara pa, ẹ óò pa á. Àtẹ́lẹwọ́ títẹ́ nìkan ni kí ẹ fún un, kí ó fúnra rẹ̀ pinnu.

Ìdí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kúrú tí apá fi gùn kò ju pé kì í rìn, fífò ló ń fò. Nínú apá rẹ̀, egungun tó sún mọ́ èjìká kúrú gan-an, egungun ọwọ́ ló gùn. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọwọ́ lásán ló fi ń fò, láìsí apá. Irú ìyẹ́-apá bẹ́ẹ̀ le, kì í ká bọ̀rọ̀, ó sì lè gé afẹ́fẹ́ fún wákàtí pípẹ́ láì ná an ní agbára púpọ̀. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ rí ẹsẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí yìí, wọ́n sì pè é ní aláìlẹ́sẹ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ Apus tí a fi ń pe ọ̀pọ̀ nínú ẹbí náà ti wá.

Èyí tó já sí fàráńdà wa kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà 12 lọ. Alápá-dòjé orí àpáta gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 23. Bó bá na apá rẹ̀ méjèèjì, láti ṣóńṣó kan dé ìkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 60, ó sì wúwo tó nǹkan bí gíráàmù 100. Ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ ilẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ funfun, ikùn rẹ̀ funfun, ọ̀já kan tó ní àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sì gba àyà rẹ̀ kọjá. Títóbi rẹ̀ àti ikùn funfun yẹn pọ̀ ni ẹ óò fi dá a mọ̀ láti ìsàlẹ̀.

Nínú pàlàpálá

Láti Sípéènì, gba orí òkè Alps, dé Turkey, títí dé òkè Himalaya, ẹ óò bá a níbi tí àpáta bá ga, tó sì là. Àwọn irú tirẹ̀ wà tó ń gbé òkè ní ìlà oòrùn àti gúúsù Áfíríkà náà. Ohun tó ń wá kò pọ̀: ihò tàbí pàlàpálá tó ga sókè, tí ológbò tàbí ejò kò lè dé, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ṣófo. Ìṣófo yẹn ṣe pàtàkì, torí ńṣe ni ẹyẹ náà ń já bọ́ láti inú ihò kí apá rẹ̀ tó gbé e.

Nígbà tí àwọn ará Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkúta kọ́ ilé ìṣọ́ àti ilé ìjọsìn gíga, ẹyẹ yìí rí àpáta tuntun. Ní Switzerland, nínú ìlú bí Solothurn àti Biel, inú ilé ìṣọ́ àtijọ́ ni wọ́n ń yé sí ní ọ̀wọ́ ọ̀wọ́. Torí pé ènìyàn lè gun àtẹ̀gùn dé ẹ̀gbẹ́ ìtẹ́ wọn níbẹ̀, àwọn onímọ̀ ti ń ka ẹyin, wọ́n ń wọn ọmọ, wọ́n ń so òrùka mọ́ ẹsẹ̀ ẹyẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Púpọ̀ nínú ohun tí ẹ ń kà yìí, inú irú ilé ìṣọ́ bẹ́ẹ̀ ni a ti kọ́ ọ.

Oṣù kẹrin ọdún ni wọ́n ń padà dé. Ihò tí ẹyẹ kan lò lọ́dún tó kọjá ló sábà máa ń wá lọ, ẹnìkejì rẹ̀ àtijọ́ ni wọ́n sì sábà jọ ń pàdé níbẹ̀. Kò lè sọ̀ kalẹ̀ ṣa koríko, nítorí náà ohun tí afẹ́fẹ́ bá gbé sókè ni yóò fi kọ́lé: ìyẹ́ ẹyẹ mìíràn, ewé gbígbẹ, fọ́nrán koríko. Á gbá a mú lójú afẹ́fẹ́, á fi itọ́ lẹ̀ ẹ́ pọ̀ títí yóò fi dà bí àwo kékeré. Ẹyin kan sí mẹ́rin ló ń yé, mẹ́ta ló wọ́pọ̀ jù. Akọ ń sàba, abo ń sàba, fún nǹkan bí ogúnjọ́.

Bí ẹyin bá pa tán ni sùúrù ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ adìẹ ń rìn lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Ọmọ alápá-dòjé orí àpáta yóò lo nǹkan bí 50 sí 60 ọjọ́ nínú ihò kó tó jáde. Òbí rẹ̀ kì í gbé kòkòrò kan ṣoṣo wálé. Á máa kó wọn jọ sí ọ̀fun bó ṣe ń fò, á fi itọ́ rò wọ́n pọ̀ bí òkèlè, ọgọ́rọ̀ọ̀rún eṣinṣin, èèrà oníyẹ̀ẹ́ àti ọ̀bọǹbọn kéékèèké nínú òkèlè kan ṣoṣo. Bí òjò bá ń rọ̀ tàbí tí òtútù mú, kòkòrò kì í fò, òkèlè kò sì ní wá. Nígbà náà ni ọmọ ẹyẹ yóò dín ooru ara rẹ̀ kù, tí ìdàgbà rẹ̀ yóò falẹ̀. Bí oòrùn bá tún yọ tí oúnjẹ dé, á dàgbà kíákíá láti fi dí ohun tó sọnù. Mo ka èyí sí ọ̀kan nínú ọgbọ́n tó jinlẹ̀ jù tí mo mọ̀ nínú ẹ̀dá abìyẹ́.

Kò dá gbé nínú ihò yẹn o. Eṣinṣin kan wà, Crataerina melbae, tó ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti ti ọmọ rẹ̀. Apá eṣinṣin náà ti kéré débi pé kò lè fò mọ́, inú ìyẹ́ ẹyẹ ló ti ń rá pálá. Ẹyẹ tí kì í sọ̀ kalẹ̀ ń gbé eṣinṣin tí kì í fò kiri.

Ọjọ́ tí ọmọ bá jáde, kò sí ẹni tí yóò kọ́ ọ ní fífò. Yóò wo ìta, yóò já bọ́, yóò sì máa fò. Òbí kò ní bọ́ ọ mọ́ láti ọjọ́ náà. Èyí tó bá la ọdún àkọ́kọ́ já lè pẹ́ láyé gan-an. Òrùka tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ wọn ti fi hàn pé àwọn kan ju ogún ọdún lọ.

Ọ̀nà tààrà láti Bern

Ẹ ṣí máàpù ayé. Ẹ fi ìka lé Abuja, kí ẹ fà á lọ sí àríwá láì yà sọ́tùn-ún, láì yà sósì. Ẹ óò gba ẹ̀gbẹ́ Kaduna, ẹ óò gba ìpínlẹ̀ Katsina, ẹ óò la ilẹ̀ Niger àti Algeria kọjá, tó jẹ́ aṣálẹ̀ Sàhárà, ẹ óò ré òkun Mẹditaréníà kọjá, ẹ óò gun òkè Alps, ìka yín yóò sì dé Bern, olú ìlú Switzerland. Olú ìlú méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà kan náà. Ó lé ní 4,200 kìlómítà. Kì í ṣe pé ẹyẹ náà ń fa ìlà bí a ṣe fà á, ṣùgbọ́n ó dára kí ẹ mọ̀ pé òkè tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sí ní ẹ̀yìn ayé. Òkè orí wa gan-an ló wà.

Ó pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ pé ẹyẹ Switzerland ń wá sí ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí ni bó ṣe ń gbé níhìn-ín. Ní 2011, onímọ̀ ẹyẹ kan, Felix Liechti, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ so ẹ̀rọ kékeré mọ́ ẹ̀yìn mẹ́fà nínú àwọn ẹyẹ tó ń yé ní ìlú Baden, ní Switzerland. Ẹ̀rọ náà kò ju nǹkan bíi gíráàmù kan àbọ̀ lọ. Ohun méjì ló ń kọ sílẹ̀: ìmọ́lẹ̀, tó ń jẹ́ ká mọ ibi tí ẹyẹ wà láyé, àti bí ara ẹyẹ ṣe ń mì. Ẹyẹ tó ń ju apá ní irú mímì tirẹ̀, èyí tó tẹ́ apá sílẹ̀ tó ń lọ́fẹ̀ẹ́ ní tirẹ̀, èyí tó jókòó sínú ihò kì í mì rárá. Wọ́n dúró. Nígbà tí àwọn ẹyẹ padà, wọ́n rí mẹ́ta mú, wọ́n sì ka ohun tí ẹ̀rọ kọ.

Ohun tí wọ́n kà jáde ní 2013. Láti ìgbà tí àwọn ẹyẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kúrò ní Baden títí wọ́n fi padà, ó lé ní 200 ọjọ́ tí ara wọn kò fi dúró jẹ́ẹ́. Wọ́n ré Sàhárà kọjá, wọ́n lo gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn wa lókè, wọ́n tún ré Sàhárà kọjá padà, gbogbo rẹ̀ lójú afẹ́fẹ́. Àwọn tó ṣe ìwádìí náà parí èrò sí pé oorun pàápàá, ojú ọ̀run ni wọ́n ti ń sùn ún. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń jẹun. Bí òùngbẹ bá gbẹ wọ́n, wọ́n á fi ẹnu ha ojú omi nígbà tí wọ́n bá ń kọjá lórí rẹ̀. Ìyẹ́ ńlá apá wọn ń gbó, wọ́n sì ń pààrọ̀ rẹ̀, àmọ́ díẹ̀ díẹ̀ ni, kí apá má baà ṣófo.

Ó yẹ kí ẹ bi mí léèrè pé kí ló wá dé tí wọ́n fi ń bà nílé. Ìdáhùn rẹ̀ kò pọ̀: ẹyin kò ṣe é yé sójú afẹ́fẹ́. Òun nìkan ni ìdè tó so ẹyẹ yìí mọ́ ilẹ̀ ayé.

Ìbátan rẹ̀ kan, Apus apus, tó dúdú látòkè délẹ̀, tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Lund ní Sweden kọ ọ́ ní 2016 pé díẹ̀ nínú wọn lo oṣù mẹ́wàá láì bà rárá.

Àwọn ẹbí rẹ̀ láàárín wa

Wọ́n ṣe òfin tó dá Abuja sílẹ̀ ní 1976, ìjọba sì kó dé láti Èkó ní oṣù Kejìlá 1991. Láàárín ìgbà náà àti ìsinsìnyí, a ti kọ́ afárá àti ilé alájà púpọ̀ síbi tó jẹ́ pé igbó àti oko àwọn Gbagyi ló wà tẹ́lẹ̀. Lójú alápá-dòjé kékeré, Apus affinis, àpáta ni gbogbo ìyẹn. Abẹ́ afárá àti abẹ́ bákónì ni ẹ óò ti rí ìtẹ́ wọn, wọ́n lẹ̀ mọ́ra bí ilé adágbọ́n, ìyẹ́ yọ jáde lára wọn. Kì í ṣe bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti òkè Alps: lálaalẹ́ ló ń wọ inú ìtẹ́ lọ sùn, kódà nígbà tí kò ní ẹyin.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni alápá-dòjé orí ọ̀pẹ, Cypsiurus parvus, tó tínrín bí abẹ́rẹ́, tí ìrù rẹ̀ là bí àlùmọ́gàjí. Abẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ tó rọ̀ sílẹ̀ ló ń lẹ ìyẹ́ mọ́. Ewé náà dúró ní òró, afẹ́fẹ́ sì ń fì í síhìn-ín sọ́hùn-ún, ẹyin ìbá ti já bọ́. Nítorí náà, itọ́ ló fi ń lẹ ẹyin fúnra rẹ̀ mọ́ ìtẹ́! Á wá rọ̀ mọ́ ọn ní òró, á máa sàba bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀pẹ tàbí àgbọn bá wà nítòsí ilé yín, ẹ dúró lábẹ́ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kí ẹ wò ó.

Ọ̀kan tún wà, Tachymarptis aequatorialis, tó jẹ́ ọmọ ìyá gan-an fún ti òkè Alps. Ó tóbi tó o, inú pàlàpálá àpáta ilẹ̀ Áfíríkà ni òun náà ń yé sí, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ kò funfun. Ẹ má ṣe ṣì wọ́n mú fún ara wọn.

Mo ní ohun kan láti sọ lórí ihò. Ní agbègbè Mpape, ẹ̀rọ ń fọ́ òkè fún òkúta ìkọ́lé. Nínú ìlú, bí a bá ń tún ilé kun, a ń fi sìmẹ́ńtì dí gbogbo àlàfo, a ń fi ọ̀pá gún ìtẹ́ já. A nílò òkúta, a sì fẹ́ kí ilé wa mọ́. Àmọ́ ẹyẹ tí kò béèrè ohunkóhun lórí ilẹ̀ ju ihò kan lọ, tó sì ń kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún kòkòrò kúrò lójú afẹ́fẹ́ wa lójúmọ́, ó tọ́ kí a dúró títí ọmọ rẹ̀ yóò fi jáde kí a tó gbé ọ̀pá.

Iṣẹ́ ìta gbangba

Ẹ ṣe iṣẹ́ yìí ní mẹ́ta mẹ́ta, láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta, nígbà tí àlejò láti àríwá lè wà lókè. Ẹ wá afárá tàbí ilé gíga kan tí ìtẹ́ alápá-dòjé kékeré wà lára rẹ̀, kí ẹ sì dúró síbi tí ọkọ̀ kò ti lè kọlù yín. Ẹ débẹ̀ ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Kí ẹnìkan máa ka ẹyẹ tó ń wọlé, kí ẹnìkejì máa kọ àkókò, kí ẹnìkẹta máa wo wáyà iná tó wà nítòsí, kó sì sọ bóyá ẹlẹ́rẹ̀ ló bà lé e tàbí kò sí nǹkan. Ẹ padà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù kan, kí ẹ fi iye wéra. Ilé ìwádìí ẹyẹ A.P. Leventis tó wà nínú igbó Amurum ní Jos ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn onímọ̀ ẹyẹ ilẹ̀ wa níṣẹ́. Irú àkọsílẹ̀ báyìí náà ni àwọn fi ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má ṣe lọ nígbà tí ilẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ẹ dúró títí ẹyẹ tó kẹ́yìn yóò fi wọ inú ìtẹ́, kí ẹ kọ àkókò rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ojú sókè lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí èyíkéyìí bá ṣì wà lókè tí kò wọlé, tó tóbi ju àwọn yòókù lọ, tó sì ń gòkè sí i bí òkùnkùn ṣe ń dé, ẹ wo ikùn rẹ̀, kí ẹ kọ àwọ̀ tí ẹ rí.